Ẹ̀sìẹ́: Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà

Bí olùkọ́ kan ní Ìpájà, ní agbègbè Alímòṣọ́, bá fẹ́ mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa, ibi tí ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ ni Oníkan ní ìlú Èkó, níbi tí ìjọba ti ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1957. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà bá béèrè bóyá ibẹ̀ ni irú ilé bẹ́ẹ̀, tí àwọn ènìyàn ń pè ní mùsíọ́ọ̀mù, ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, rárá ni ìdáhùn. Kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Ìbàdàn, kì í sì í ṣe Ilé-Ifẹ̀ pàápàá. Ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Ẹ̀sìẹ́, láàrin àwọn Ìgbómìnà, ní ibi tí ó di Ìpínlẹ̀ Kwara lẹ́yìn náà, ni wọ́n dá ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ sí ní ọdún 1945.

Báwo ni ó ṣe jẹ́ tí Ẹ̀sìẹ́ fi ṣíwájú Èkó? Ta ni ó rí ohun tí ó wà níbẹ̀, ta ni ó sì pa á mọ́? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ́ni ní ìtàn, nítorí pé bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ dáadáa, a óò rí i pé ọwọ́ àwọn olùkọ́ wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

OHUN TÍ ÀLEJÒ YÓÒ RÍ

Ẹni tí ó bá wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ẹ̀sìẹ́ kò ní bá wúrà tàbí fàdákà níbẹ̀. Ère òkúta ni yóò bá. Iye wọn ju 800 lọ, wọ́n sì wà lára àkójọ ère òkúta tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Òkúta tí wọ́n fi gbẹ́ wọn kì í ṣe akọ òkúta. Òkúta rírọ̀ kan ni, tí ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, tí irin mímú sì lè fá. Nítorí èyí ni ó fi ṣeé ṣe fún àwọn agbẹ́gilére ayé ìgbà náà, tí ó sọ òkúta di igi, láti gbẹ́ irun dídì, ìlẹ̀kẹ̀ àti ilà ojú sára wọn fínnífínní. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn kò ga ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14 lọ. Èyí tí ó ga jù sì ju mítà kan lọ.

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ère náà jókòó lórí àpótí. Ọkùnrin wà nínú wọn, obìnrin sì wà. Àwọn kan fi ọwọ́ lé orúnkún, àwọn kan di àdá mú tí wọ́n gbé e ti èjìká, àwọn mìíràn sì mú ohun èlò orin dání. Ìlẹ̀kẹ̀ wà ní ọrùn àti ọrùn-ọwọ́ àwọn mìíràn. Irun wọn kò rí bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni fìlà wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ilà ojú wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kàn ń rìn kọjá yóò sọ pé ère ni gbogbo wọn. Èyí tí ó bá fara balẹ̀ yóò kà wọ́n bí ẹni ń ka ìwé. Lójú Yorùbá, ẹni tí ó ní ìjókòó láwùjọ ni ẹni tí wọ́n bu ọlá fún. Bí ère tí ó jókòó bá pọ̀ tó báyìí, tí ìlẹ̀kẹ̀ sì wà lọ́rùn wọn, a jẹ́ pé àwùjọ tí ó mọ ipò àti oyè ni ó gbẹ́ wọn. Àdá kò lè sí níbi tí kò sí alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ kò sì lè ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí irin. Irun dídì tí ó yàtọ̀ síra fi hàn pé oníṣọ̀nà irun wà láàrin wọn. Ohun èlò orin fi hàn pé ayẹyẹ wà. Láìsí ìwé kan ṣoṣo tí àwọn ènìyàn náà kọ sílẹ̀, òkúta ti sọ fún wa pé wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n ní ìjọba, wọ́n sì ní ẹwà tí wọ́n ń lépa.

Nígbà wo ni èyí? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi wọ́n sí àárín sẹ́ńtúrì kejìlá sí sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún. Ìgbà yìí náà ni àwọn oníṣọ̀nà Ifẹ̀ ń fi idẹ àti amọ̀ ṣe àwọn orí tí òkìkí wọn kàn ká gbogbo ayé. Ní ti àwọn tí ó gbẹ́ ère Ẹ̀sìẹ́ gan-an, ẹnu kò tíì kò láàrin àwọn onímọ̀. Àwọn kan dárúkọ Ifẹ̀, àwọn kan Ọ̀yọ́, àwọn mìíràn sì dárúkọ Nupé. Kí olùkọ́ má ṣe fi èyí pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ìtàn kì í ṣe ìdáhùn nìkan. Ìbéèrè tí a kò tíì rí ojútùú rẹ̀ jẹ́ apá kan ìtàn pẹ̀lú.

ỌJỌ́ TÍ WỌ́N NÍ WỌ́N “RÍ” WỌN

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé, ohun tí a óò kà ni pé ní ọdún 1933 ni wọ́n rí àwọn ère Ẹ̀sìẹ́, àti pé H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., ni ó rí wọn. Òtítọ́ ni pé Ramshaw ni ó mú ìròyìn wọn dé etí àwọn aláṣẹ ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà, “rí”, wò. Ohun tí ó sọnù ni à ń rí. Àwọn ère Ẹ̀sìẹ́ kò sọnù lọ́wọ́ àwọn ará Ẹ̀sìẹ́.

Inú igbó kan lẹ́yìn ìlú ni àwọn ère náà wà, wọ́n sì ń bọ wọ́n lọ́dọọdún. Ìtàn àwọn ará ìlú sọ pé nígbà tí àwọn baba ńlá wọn dé ibẹ̀ láti tẹ̀ dó, wọ́n bá àwọn ère náà ni. Kì í ṣe àwọn ni ó gbẹ́ wọn. Wọ́n tún ní ìtàn pé ènìyàn ni àwọn ère náà nígbà kan rí, pé àjèjì ni wọ́n, tí wọ́n wá sí ilẹ̀ náà, tí ohun ìyanu kan sì sọ wọ́n di òkúta níbi tí wọ́n jókòó sí. Ọ̀kan nínú àwọn ère náà ni wọ́n ń pè ní Ọba Ère, òun sì ni olórí wọn. Ọdún Ère ni ọdún tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí wọn.

Onímọ̀ kan lè rẹ́rìn-ín sí ìtàn ènìyàn tí ó di òkúta. Kí ó má tètè rẹ́rìn-ín. Ìtàn náà mú nǹkan méjì lọ́wọ́ tí òpìtàn kò gbọdọ̀ sọ nù. Èkíní, àwọn ará Ẹ̀sìẹ́ kò sọ pé àwọn ni ó ni iṣẹ́ tí kì í ṣe tiwọn. Ìlú mélòó ni ó lè jẹ́ olóòótọ́ tó bẹ́ẹ̀ níwájú ohun tí ó lè sọ wọ́n di olókìkí? Èkejì, ìtàn náà ni ó dáàbò bo àwọn ère náà. Ẹni tí ó bá gbà pé ènìyàn ni òkúta náà rí kò ní fi í lọ ata, kò sì ní fi í tẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Kí òfin ìjọba kankan tó dé, ìtàn àti ọdún ìbọ ni ó jẹ́ ògiri, ilẹ̀kùn àti ọlọ́dẹ fún àwọn ère Ẹ̀sìẹ́.

Síbẹ̀, ìbọ nìkan kò tó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère náà ni orí wọn ti kán kúrò lọ́rùn kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn ṣe. Òjò ń rọ̀, igi ń wó, gbòǹgbò sì ń ta. Ohun tí ó wà nínú igbó lè wà láìséwu lọ́wọ́ ènìyàn kí ó má bọ́ lọ́wọ́ ọjọ́.

IṢẸ́ ÀWỌN OLÙKỌ́

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn olùkọ́. Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó gbé Ramshaw dé Ẹ̀sìẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni J. D. Clarke, ẹni tí ó ń darí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Òmù-Àrán nítòsí, bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí àwọn ère náà. Ní ọdún 1937, òṣìṣẹ́ ìjọba kan, F. de F. Daniel, kọ ìròyìn nípa wọn sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1938 Clarke kọ tirẹ̀ sínú ìwé àtìgbàdégbà tí ń jẹ́ Nigeria. E. H. Duckworth ni olóòtú ìwé náà, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ sì ni òun pẹ̀lú.

Ẹni tí iṣẹ́ yìí wá já lé léjìká jù lọ ni Kenneth Murray. A kò lè sọ ìtàn Murray láìkọ́kọ́ dárúkọ Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní ọdún 1882. Onabolu ni ó kọ́kọ́ fi yíyàwòrán kọ́ àwọn ọmọ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Èkó, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ òyìnbó gbà pé adúláwọ̀ kò lè kọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ náà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Paris láti ọdún 1920 sí 1922, ó sì padà wálé. Òun ni ó rọ ìjọba títí wọ́n fi gba olùkọ́ mìíràn kún un, Murray sì ni olùkọ́ náà, tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1927. Nípa báyìí, olùkọ́ Yorùbá kan ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tí ó wá di olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Bí Murray ti ń kọ́ni, ni ó ń rìn kiri, tí ó ń wo ère, ìkòkò àti aṣọ, tí ó sì ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ben Enwonwu, tí ó di gbajúgbajà agbẹ́gilére lẹ́yìn náà, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Murray rí i pé àwọn iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́ ń bàjẹ́, wọ́n sì ń ṣí kúrò nílé. Ní ọdún 1943 ìjọba fi í ṣe alábòójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni ilé Ẹ̀sìẹ́ sì dìde. Òun náà ni ó kó ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó wà ní Oníkan jọ.

Nígbà tí ó yá, Phillips Stevens, ọmọ Amẹ́ríkà kan, ṣe ìwádìí lórí àwọn ère náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ ìwé jáde nípa wọn ní ọdún 1978. Iṣẹ́ kíkà àti kíkọ sílẹ̀ yìí dàbí iṣẹ́ akọ̀wé lásán. Ìtàn Ifẹ̀ ni yóò fi hàn wá pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ IFẸ̀

Ní ọdún 1938, bí àwọn ènìyàn ti ń gbẹ́ ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, wọ́n kan orí idẹ. Nígbà tí ó fi di ọdún kejì, orí tí wọ́n ti rí ju 12 lọ. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sí ààfin. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, mẹ́ta ti jáde kúrò ní ìlú. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó wà ní Ifẹ̀ nígbà náà, mú méjì lọ. Akọ̀ròyìn kan gba ẹ̀kẹta, ó sì dé British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939. Bascom dá tirẹ̀ padà ní ọdún 1950. Ti Lọ́ńdọ̀nù kò padà.

Ariwo ọ̀rọ̀ yìí ni Murray àti Duckworth fi ń lu etí ìjọba pé kí wọ́n ṣe òfin. Òfin náà jáde ní ọdún 1953, láti dí àwọn tí ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ sókè òkun lọ́nà. Ní ọdún 1979 ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin mìíràn, tí ó dá àjọ tí ń bójú tó gbogbo ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ibi ìrántí ní Nàìjíríà sílẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ó sàn kí irú ohun bẹ́ẹ̀ wà ní ìlú ńlá, tàbí ní òkè òkun pàápàá, ju pé kí ó wà ní ìlú kékeré tí olè ti lè jí i. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbàsọnù. Láàrin ọdún 1993 sí 1994, àwọn olè fọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì kó àwọn orí ère lọ. Ní ọdún 2000, nígbà tí ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ohun ilẹ̀ Áfíríkà tí ewu olè wà lórí wọn jù, ère òkúta Ẹ̀sìẹ́ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ère amọ̀ Nok àti ère amọ̀ òun idẹ Ifẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kò séwu ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ṣùgbọ́n kí á wo ohun tí ó ń sọnù nígbà tí ère kan bá kúrò ní àyè rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ère Ẹ̀sìẹ́ kan sí inú yàrá olówó kan ní ìlú òkèèrè, òkúta náà kò ní dín, ẹwà rẹ̀ kò sì ní dín. Ohun tí yóò dín ni ẹ̀rí rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí yóò sọ fún àlejò pé àwọn mìíràn jókòó yí i ká, pé Ọba Ère ni olórí wọn, tàbí pé ìlú kan ń ṣe ọdún rẹ̀. Yóò di ohun ọ̀ṣọ́. Ère kan ṣoṣo kò lè sọ fún wa pé irun wọn yàtọ̀ síra. Ìgbà tí ọgọ́rùn-ún bá wà papọ̀ ni èyí ń hàn. Òpìtàn tí ó ní ère kan lọ́wọ́ dà bí adájọ́ tí ó gbọ́ ẹjọ́ lẹ́nu ẹnì kan.

Níbí yìí ni iṣẹ́ kíkà àti kíkọ sílẹ̀ ti ń wúlò. Ohun tí a kò kà, a kò lè mọ̀ pé ó dín. Bí ère kan bá jáde ní ọjà òkè òkun lónìí, tí onílé sì sọ pé baba òun ni ó ni ín, kí ni yóò jà fún Ẹ̀sìẹ́? Ìwọ̀n rẹ̀, fọ́tò rẹ̀ àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ nìkan ni. Ẹni tí ó ń fi pẹ́ńsù yàwòrán ère nínú yàrá tútù kan ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn ń kọ ìwé ẹ̀rí fún ẹjọ́ tí a kò tíì pè.

Ìbọ àwọn ará ìlú dáàbò bo ère náà kí ó má bàa di òkúta lásán. Àkọsílẹ̀ àwọn olùkọ́ dáàbò bò ó kí ó má bàa di ohun aláìníbaba. Bí ọ̀kan bá fi èkejì sílẹ̀, ilẹ̀kùn apá kan ti ṣí nìyẹn.

OHUN TÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ LÈ ṢE

Nígbà tí olùkọ́ bá mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí irú ilé báyìí, ìbáà ṣe Ẹ̀sìẹ́, Ọ̀wọ̀, Ifẹ̀ tàbí Oníkan, kí ó má jẹ́ kí wọ́n sáré wo gbogbo rẹ̀ ní wákàtí kan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan dúró ti ère kan ṣoṣo. Kí ó yà á. Kí ó kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀, ohun tí ó mú lọ́wọ́, ibi tí ó ti kán, àti ohun tí olùtọ́jú sọ nípa rẹ̀. Kí ó ya ohun tí ojú rẹ̀ rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Bí wọ́n bá padà dé kíláàsì, kí wọ́n wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n sì jiyàn lé e lórí. Ọjọ́ yẹn ni wọn yóò mọ̀ pé òpìtàn kì í há ọdún sórí nìkan.

Kò sì pọn dandan kí wọ́n rin ìrìn àjò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Àwórì ni Ìpájà. Oko àti abúlé ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kí ìlú Èkó tó fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, tí òpópónà, ilé ìfowópamọ́ àti ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì gba orí ebè. Nígbà tí ilẹ̀ bá yí padà kíákíá bẹ́ẹ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ ń sọnù ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà sí: àpótí ìjókòó ìyá àgbà, ọlọ tí àárín rẹ̀ ti jẹ, ìkòkò aró, ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ àdúgbò rọ, ìlù tí awọ rẹ̀ ti ya. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ní tábìlì kan, kọ́bọ́ọ̀dù kan tí ó ní kọ́kọ́rọ́, àti ìwé ńlá kan tí wọ́n ń kọ orúkọ nǹkan sí, ti ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Kí wọ́n kọ orúkọ ohun náà bí àwọn onílé ṣe ń pè é, ẹni tí ó lò ó, iṣẹ́ tí ó fi í ṣe, àdúgbò tí ó ti wá, àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Kí wọ́n má ṣe mú ohunkóhun ní ojúbọ, kí wọ́n má sì gba ohunkóhun láìjẹ́ pé àgbà ilé fọwọ́ sí i. Èyí tí onílé kò bá fẹ́ fi sílẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n sì dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ilé Ẹ̀sìẹ́ kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó ju èyí lọ: ìlú kan tí kò jẹ́ kí ohun tí ó bá nílẹ̀ bàjẹ́, àti àwọn olùkọ́ mélòó kan tí wọ́n dúró wò ó, tí wọ́n kà á, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó lé ní 800 ère tí ó ṣì jókòó papọ̀ nítorí èyí.